Èkó sí Houston: Ìrìn-àjò wákàtí mẹ́tàlá di odidi ọjọ́ kan àtààbọ̀, ta ló sún Houston sẹ́yìn?

Ẹni tó bá ń kọjá lẹ́nu géètì Raji Rasaki Estate, l'Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, láàárọ̀ Sátidé, kò ní ṣàì rí àwọn ọkùnrin kan tí wọ́n máa ń dúró yí oníwèé ìròyìn ká. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ẹ́ ra ìwé o. Wọ́n á ka iwájú, wọ́n á ka ẹ̀yìn, wọ́n á dá a padà sórí pátákó, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ohun tí wọn ò san kọ́bọ̀ lé lórí. Níbẹ̀ ni Àlàájì kan, ará àdúgbò náà, ti na tíkẹ́ẹ̀tì ìyàwó ẹ̀ sókè nínú oṣù January, ọdún 2014, tó ní kí gbogbo èèyàn wá wò ó, pé Amẹ́ríkà ò jìnnà tó báwọn èèyàn ṣe ń pariwo ẹ̀.

Ọmọbìnrin wọn tó wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ló ń retí àkọ́bí ẹ̀, Àlàájà sì ń lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni pé bàálù máa gbéra l'Ékòó láago mọ́kànlá alẹ́, á sì balẹ̀ sí Houston láago márùn-ún ìdájí. Àlàájì ka ìka ọwọ́ ẹ̀: méjìlá, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Wákàtí mẹ́fà géérégé.

“London tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn, wákàtí mẹ́fà àtààbọ̀ ni,” Àlàájì ló wí bẹ́ẹ̀. “Èmi fúnra mi ti lọ. Amẹ́ríkà ló wá sún mọ́ wa ju London lọ. Irọ́ ni wọ́n ti ń pa fún wa láti ọjọ́ yìí.”

Bọ̀ọ̀dá kan wà láàárín wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì gbígbà fáwọn èèyàn ló ń ṣe ní Festac. Ó ní, “Ẹ má bínú, Àlàájì. Wákàtí mẹ́tàlá ni Àlàájà máa lò lókè o. Aago ibẹ̀ ló wà lẹ́yìn tiwa, sà.”

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀wé ju tíkẹ́ẹ̀tì lọ ni?”

“Rárá o, sà. Ẹ ṣáà bá mi wo ti àbọ̀ ẹ̀.”

Àlàájì ṣí i sí apá kejì. Bàálù tó ń bọ̀ wálé máa kúrò ní Houston láago méje alẹ́, á dé Èkó láago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Ìka ọwọ́ tán, ó kù díẹ̀ kó bọ́ bàtà. Wákàtí mọ́kàndínlógún!

“Wákàtí mẹ́fà lálọ, mọ́kàndínlógún lábọ̀,” Bọ̀ọ̀dá oní-tíkẹ́ẹ̀tì wí, “ṣé Houston máa ń sún sẹ́yìn téèyàn bá ti kẹ́yìn sí i ni, sà?”

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Àlàájì ká tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sápò, ó ní ọmọ ìsinsìnyí ò mọ bí wọ́n ṣe ń bágbà jiyàn.

Kẹ́ ẹ má fi Àlàájì ṣẹ̀fẹ̀ jù, ọ̀rọ̀ aago yìí ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn ṣìnà. Gbogbo aago tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago ìlú tí bàálù wà nígbà yẹn ni wọ́n ń kọ. Aago Èkó ni wọ́n fi sọ ìgbà tó máa gbéra, aago Houston ni wọ́n sì fi sọ ìgbà tó máa balẹ̀. Ayé ló ń yí, wákàtí mẹ́rìnlélógún ló sì fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan, ibi tó bá wà lápá ìwọ̀-oòrùn wa ló máa ń kẹ́yìn rí oòrùn. Tó bá jẹ́ ìgbà òtútù wọn, táago méjìlá ọ̀sán bá lù l'Ékòó, aago márùn-ún ìdájí ni ní Houston, àkùkọ wọn ò tíì kọ. Wákàtí méje ni wọ́n fi wà lẹ́yìn. Láti March di ìbẹ̀rẹ̀ November, wọ́n máa ń sún aago tiwọn síwájú ní wákàtí kan, nígbà yẹn ni gbèdéke ọ̀hún máa ń di wákàtí mẹ́fà. Àwa níhìn-ín kì í sún tiwa. Ìdí nìyẹn táwọn ìyá kan fi máa ń pe ọmọ wọn láago mẹ́rin òru, tí wọ́n á ní, “Ṣé o ò tíì jí ni?”

Ọgbọ́n kan wà tí kò la ìwé lọ. Ẹ ka wákàtí àlọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ka ti àbọ̀, ẹ rò wọ́n pọ̀, kẹ́ ẹ wá pín in sí méjì. Mẹ́fà àti mọ́kàndínlógún, márùndínlọ́gbọ̀n ni. Tẹ́ ẹ bá pín in sí méjì, wákàtí méjìlá àtààbọ̀ ló máa jáde. Irọ́ tí aago pa lálọ, ó ti jẹ́wọ́ ẹ̀ lábọ̀.

Ti London ló jẹ́ kí Àlàájì rò pé bẹ́ẹ̀ ni ibi gbogbo ṣe rí. London fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí Èkó gan-an ni, téèyàn bá kọjú sí àríwá láti Ìkẹjà tó ń lọ tààrà, kò ní yà púpọ̀ kó tó débẹ̀. Nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni, ṣùgbọ́n aago méjèèjì ò fi ju wákàtí kan lọ síra wọn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, ọ̀kan náà ni. Nítorí náà, ohun tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì London, bó ṣe rí náà nìyẹn. Ẹni tí ò bá lọ ibòmíràn rí kò lè mọ̀ pé aago ń puró.

Houston yàtọ̀. Láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed n'Ìkẹjà dé ti Houston, nǹkan bí 10,470 kìlómítà ni, ìyẹn bíi 6,500 máìlì. Ẹ wò ó bí ẹni tó wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Kano, tó sì padà, tó wá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀màrún. Tẹ́ ẹ bá ní bọ́ọ̀lù àwòrán ayé, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé sórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ mú òwú kan, ẹ fi orí kan ẹ̀ sí Èkó, kẹ́ ẹ na orí kejì mọ́ Houston kó le dáadáa. Òwú náà ò ní gba orí omi lọ tààrà bí máàpù ara ògiri ṣe máa ń tàn wá. Á gba òkè Benin, Togo, Ghana àti Burkina Faso, á wọ Mali, á yọ sí Mauritania, ibẹ̀ ló ti máa bọ́ sórí òkun Atlantic. Á kọjá nítòsí erékùṣù Bermuda, á gúnlẹ̀ sí Georgia, á wá gba Louisiana wọ Texas. Awakọ̀ lè yẹ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì nítorí òjò tàbí ẹ̀fúùfù, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó kúrú jù nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Georgia yẹn sọ́kàn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Bàálù ńlá máa ń sáré tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tó bá pín in á ní wákàtí mọ́kànlá lé díẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. Òótọ́ ni, àmọ́ ó máa ń gba àkókò kó tó gòkè, ó tún máa ń gba àkókò kó tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀fúùfù líle kan sì tún wà lókè lọ́hùn-ún tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn. Ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà, iwájú ni atẹ́gùn náà ti ń kọ lù ú. Ẹni tó ń bọ̀ wálé, ẹ̀yìn ló ti ń tì í. Ìyẹn ló jẹ́ kí àlọ máa tó wákàtí mẹ́tàlá, kí àbọ̀ sì máa tó méjìlá.

Gbogbo èyí, ti ọdún 2014 nìyẹn, nígbà tí bàálù tó ń lọ tààrà ṣì wà.

Èèyàn tí ò bá mọ̀ á rò pé ọ̀nà Houston ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn àgbà tó bá ọkọ̀ ojú omi Aureol láti èbúté Àpápá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1951 sí ìgbà tí ọkọ̀ ọ̀hún fi kógbá wọlé lọ́dún 1974, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá ni wọ́n ń lò lórí omi. Ẹ wo bí ayé ṣe rí, ọjọ́ mẹ́tàlá di wákàtí mẹ́tàlá, ó sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, Nigeria Airways ń gbé èrò lọ sí New York. Àmọ́ nínú oṣù August, 1993, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sígbà tí Babangida máa gbé ìjọba sílẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de gbogbo bàálù tó bá ń lọ tààrà láàárín ilẹ̀ wọn àti Èkó, wọ́n ní ètò ààbò pápákọ̀ wa ò dáa tó. Wọ́n tiẹ̀ lẹ ìkìlọ̀ náà mọ́ ara ògiri láwọn pápákọ̀ tiwọn, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè kà á. Odidi ọdún mẹ́fà lé díẹ̀ lọ̀rọ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò ní December 1999, lábẹ́ Ọbásanjọ́. Gbogbo ẹni tó lọ Amẹ́ríkà nígbà ayé Abacha, ìlú onílùú kan ló ti kọ́kọ́ yà kó tó débẹ̀. Pápákọ̀ méjèèjì wà níbi tí wọ́n wà látilẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló gun ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Delta bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Atlanta ní December 2007. Nínú oṣù November, 2011, United bẹ̀rẹ̀ Èkó sí Houston láìdúró níbì kankan. Kò sẹ́ni tí ò mọ ìdí tó fi jẹ́ Houston. Ìlú epo rọ̀bì ni, ibẹ̀ ni àwọn iléeṣẹ́ epo ńláńlá tó ń wa epo lọ́dọ̀ wa fìdí kalẹ̀ sí, àwọn òyìnbó wọn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston kì í ṣe kékeré, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn dókítà, àwọn enjinníà. Bí ọ̀gá eléepo ṣe jókòó síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tó ń lọ wẹ ọmọ jókòó sẹ́yìn, tòun ti ẹ̀gúsí lílọ̀ àti ọṣẹ dúdú nínú báàgì.

Àlàájà lọ lọ́dún 2014 yẹn, ó sì gbádùn ẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló kúrò n'ílé ní Raji Rasaki. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago Houston, ló wọ ilé ọmọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ irọ́ aago kúrò, wákàtí mọ́kànlélógún ni látẹnu ilé dẹ́nu ilé. Wọ́n ní nígbà tó padà dé, ó so aago méjì mọ́ ara ògiri pálọ̀, ọ̀kan fún Èkó, ọ̀kan fún Houston, kò sì gba kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ 30 June, 2016, ni bàálù Houston gbéra kẹ́yìn.

Ohun tó pa á ò le rárá láti yé èèyàn. Èrò á fi náírà ra tíkẹ́ẹ̀tì l'Ékòó. Iléeṣẹ́ bàálù á wá kó náírà náà lọ sí báńkì, á ní kí wọ́n bá òun ṣẹ́ ẹ sí dọ́là kóun lè fi ránṣẹ́ sílé, torí òyìnbó tó ń ta epo bàálù fún un ò gba náírà. Nígbà tó wá di pé owó epo rọ̀bì já láti orí ohun tó lé ní 100 dọ́là láàárín 2014, tó sì fi wálẹ̀ kọjá 30 dọ́là ní January 2016, dọ́là ò sí nílé mọ́. Ìjọba di náírà mú sí bíi 197 sí dọ́là kan, nígbà tó jẹ́ pé lọ́wọ́ àwọn mọ̀lá tó ń ṣẹ́ owó lójú títì, ó ti lé ní 300. Owó àwọn oníbàálù há sí báńkì. Àwọn Iberia ti Spain lọ ní May ọdún náà, United tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní èrò náà ò tún pọ̀ tó tẹ́lẹ̀ mọ́, torí àwọn eléepo ti dín ìrìn kù. Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń ta ọjà tí kò lè rí owó ẹ̀ kó lọlé, kó tiẹ̀ kún fún oníbàárà dẹ́nu ọ̀nà, á palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan ni.

Ìgbà tí oyún kejì dé lọ́dún 2019 ni Àlàájà wá rí i pé Houston ti sún.

Ọmọ tètè dé, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n bí i, Jímọ̀ kejì sì ni ìkómọ, nínú oṣù December tí gbogbo bàálù máa ń kún. Ọ̀nà pọ̀, kò kàn sí èyí tó lọ tààrà nínú wọn ni. Ọ̀nà Atlanta wà, ọ̀nà London wà, ti Frankfurt wà, ti Istanbul wà, ti Dubai náà wà. Ti Dubai ni wọ́n rí tówó ẹ̀ mọ níwọ̀n, Àlàájì sì sanwó. Ó ní bàálù ni bàálù ń jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe nìyí, torí náà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ṣé ẹ rántí Georgia tí òwú wa gbà lẹ́ẹ̀kan? Georgia yẹn ni Atlanta wà. Èkó sí Atlanta, nǹkan bí 9,400 kìlómítà. Atlanta sí Houston, nǹkan bí 1,100. Ẹ rò wọ́n pọ̀, kò fi 50 kìlómítà ju ọ̀nà tààrà lọ! Bí ẹni ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn tó yà ní Ṣágámù ra búrẹ́dì ni. London ńkọ́? 5,000 àti bíi 7,760, ó ti di 12,760. Ìyẹn náà ṣì ṣe é fara dà. Dubai wá jẹ́ 5,900 láti Èkó, sápá ìlà-oòrùn, ìyẹn ni pé èèyàn ń kẹ́yìn sí Houston tó ń lọ. Láti Dubai sí Houston wá jẹ́ bíi 13,140. Àpapọ̀ ẹ̀ lé ní 19,000 kìlómítà. Gbogbo ayé, téèyàn bá yí i po, 40,000 ni. Àlàájà fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ìdajì ayé po nítorí àtilọ wẹ ọmọ.

Kò sì sí ohun tó burú nínú ọ̀nà Dubai fún ẹni tó ní àkókò, tí ara ẹ̀ gbà á, tówó ẹ̀ ò sì tó ti Atlanta. Ohun tó burú ni kéèyàn má mọ ohun tóun ń rà. Owó nìkan ni Àlàájì wò. Kò béèrè wákàtí.

Ọ̀nà Mile 2 tún wá dá kún un. Láti Raji Rasaki sí pápákọ̀ Ìkẹjà, kò tó ogún kìlómítà. Ẹ já sí Mile 2, ẹ gba Oshòdì-Àpápá Expressway, ẹ kọjá Cele, ẹ kọjá Ìyànà Ìsọlọ̀, ẹ ti dé Oshòdì nìyẹn, ó kù díẹ̀. Àmọ́ gbogbo ẹni tó gbé l'Amúwo-Ọ̀dọ̀fin láwọn ọdún yẹn ló mọ ohun tójú rí. Àwọn tírélà tó ń lọ gbé kọ̀ńténà ní Àpápá àti Tin Can ti gba títì, wọ́n tò bí ilé, àwọn awakọ̀ wọn ń dáná sábẹ́ ẹ̀, wọ́n ń sùn sábẹ́ ẹ̀. Nínú oṣù November, 2018, ni ìjọba àpapọ̀ ti gbé iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà náà fún Dangote, bí wọ́n sì ṣe ń dí ibì kan láti tún un ṣe ni ìyókù túbọ̀ ń há.

Ọjọ́rú ni Àlàájà máa lọ, aago méje alẹ́ ni bàálù. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n kúrò nílé. Wákàtí márùn-ún fún ogún kìlómítà, ta ló máa ní kò tó? Aago mẹ́rin, wọn ò tíì kúrò ní Mile 2. Aago márùn-ún, wọ́n ń wo bíríìjì lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà yẹn ni Àlàájì dá ọ̀kadà dúró. Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta gun ọ̀kadà, pásípọ́ọ̀tù láyà, báàgì kan lórí itan, Àlàájì wà nínú mọ́tò pẹ̀lú àpótí méjèèjì, ó ń pariwo tẹ̀ lé e pé, “Àlàájà, ẹ di ọ̀gbẹ́ni náà mú o!”

Ó débẹ̀ láago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ti ti ojú ibi tí wọ́n ti ń forúkọ èrò sílẹ̀. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n fi ṣe, wákàtí kan kí bàálù tó gbéra ni wọ́n máa ń tì í, òfin wọn ni. Nínú wákàtí mẹ́rin tí Àlàájà lò lójú ọ̀nà yẹn, bàálù á ti kọjá Mauritania, á ti wà lórí òkun.

Sátidé ni wọ́n tó rí àyè míràn, lẹ́yìn tí wọ́n san owó ìtanràn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n ń kó ọmọ jáde ní Houston, pálọ̀ Raji Rasaki ni Àlàájà wà, fóònù létí, ó ń gbọ́ orúkọ ọmọ ọmọ ẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn. Ó ní kí wọ́n tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀kan sí i, torí iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì ò jẹ́ kó gbọ́.

Nígbà tó wá lọ ní Sátidé, aago méjìlá ọ̀sán ló kúrò nílé. Wákàtí méje àtààbọ̀ dé Dubai, wákàtí mẹ́rin tó fi jókòó síbẹ̀, wákàtí mẹ́rìndínlógún lórí ìjókòó kan ṣoṣo láti ibẹ̀ dé Houston. Wákàtí mẹ́tàdínlógójì ló lò látẹnu ilé dẹ́nu ilé. Lọ́dún 2014, mọ́kànlélógún ni. Houston ò kúrò nílẹ̀ Texas o, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rìndínlógún ló ti fi jìnnà sí Raji Rasaki láàárín ọdún mẹ́fà. Báńkì ló há owó oníbàálù mọ́lẹ̀, Àlàájà ló wá fi ẹsẹ̀ wíwú san án. Bàtà tó wọ̀ jáde nílé ò wọ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ nígbà tó balẹ̀, sílípáàsì ọkọ ọmọ ẹ̀ ló wọ̀ délé.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú yẹn kì í ṣe ohun àmúṣeré. Àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lọ́dún 2007 pé ẹni tó bá jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìrìn-àjò, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń di ìlọ́po méjì. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe, ṣùgbọ́n àgbàlagbà, ẹni tó sanra, abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, gbogbo wọn ló yẹ kó ṣọ́ra. Kéèyàn máa dìde rìn láàárín ìjókòó, kó máa mi ọmọ ẹsẹ̀, kó máa mu omi. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ẹ́ dìde nínú bàálù, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ẹ́ yọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn lẹ́nu. Ẹ yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ jọ̀ọ́.

Tírélà ti dín kù lójú ọ̀nà Mile 2 láti ìgbà tí ìjọba ti gbé ètò tó ń fi kọ̀ǹpútà pe tírélà kalẹ̀ ní February 2021, tí kò fi sí ẹni tó gbọ́dọ̀ wá sí èbúté láì pè é. Ti owó tó há sí báńkì kò lọ bọ̀rọ̀ ní tiẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Emirates dáwọ́ Èkó dúró lọ́dún 2022, nítorí owó kan náà yìí. IATA, ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ bàálù lágbàáyé, sọ pé owó tó há sí Nàìjíríà tó 850 mílíọ̀nù dọ́là ní June 2023. Àwọn kan kó tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú kúrò lọ́jà nílẹ̀ wa láàárín ìgbà yẹn, tíkẹ́ẹ̀tì wá gbówó lérí bí ilẹ̀ Lekki. Nígbà tó fi máa di April 2024, wọ́n ti san èyí tó pọ̀ jù, ó ku 19 mílíọ̀nù. Emirates padà wá ní October 1, ọdún náà. Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lọ sí Gatwick ní London láti March 30, 2024, owó London sì rọ̀ díẹ̀. Ti Amẹ́ríkà, United ti bẹ̀rẹ̀ Washington sí Èkó ní November 2021. Ṣé ẹ rí i pé Houston kọ́ ni wọ́n mú.

Ọ̀rọ̀ físà Amẹ́ríkà ti ìsinsìnyí, ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá máa lọ kó lọ béèrè níbi tó yẹ kí ó tó san kọ́bọ̀. Àmọ́ fún ẹni tí ìwé ẹ̀ bá pé, ìbéèrè kan ló yẹ kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì fún un: wákàtí mélòó ló jẹ́ látìgbà tí mo bá kúrò n'Ìkẹjà títí tí màá fi balẹ̀, títí kan ìjókòó àárín ọ̀nà? Kì í ṣe wákàtí tí bàálù fi ń fò nìkan. Kó sì béèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan ni wọ́n fún un tàbí méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n so pọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kan, tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ tí ìkejì fi lọ, ó di dandan fún wọn láti wá òmíràn fún un. Tó bá jẹ́ méjì, kálukú máa ní kò kan òun ni, èrò ló máa sùn sórí àga.

Bọ̀ọ̀dá oní-tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì wà ní Festac. Kí ẹni tó fẹ́ẹ́ lọ tó jókòó tán báyìí, ó ti ń bi í léèrè ọjọ́ orí ẹni tó ń lọ àti bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe rí. Ní ti Àlàájì àti Àlàájà, láti 2019 ni wọn kì í ti í bá ọjọ́ bàálù nílé mọ́. Wọ́n ní mọ̀lẹ́bí kan ní Máfolúkù, tí kò jìnnà sí pápákọ̀ rárá. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé àpótí lọ lálẹ́ ọjọ́ tó bá ṣáájú, wọ́n á sùn síbẹ̀, ní ọjọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ márúwá ni wọ́n máa ń wọ̀ dé ibi tí ó bá lè gbé wọn dé.